Bí Imú Ṣe Mọ Ilé

"Imú mọ ilé, kò mọ orúkọ onílé." Ẹnu wa ti mọ́ òwe yìí débi pé à ń sọ ọ́ jáde bí ẹni tu èkùrọ́ dànù. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ilé tí à ń wí, àti ẹni tó ni imú?

Láyé ogun, wọ́n kó ọmọbìnrin kan lọ ní agboolé àwọn aláró, kó tó pààrọ̀ eyín, kí wọ́n tó kọlà fún un. Ìlú òkèèrè ló dàgbà sí. Àyọ̀ká ni wọ́n sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ tó sì di ẹni ara rẹ̀, ó bá àwọn alájàpá rìn láti ìlú dé ìlú, títí ẹnìkan fi sọ fún un pé agboolé aláró kan ń bẹ tó sọ ọmọ nù.

Láàárọ̀ tó débẹ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n fún un ní àpótí, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Àwọn alájàpá ti ní bí oòrùn bá kan àtàrí, àwọn yóò gbéra. Yàtọ̀ sí wọn, kò ní ẹnikẹ́ni láyé. Efúntọ́lá, obìnrin tó sọ ọmọ nù, jókòó kọjú sí i, ó di etí ìró rẹ̀ mú gírígírí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un kó má sọ̀rọ̀, kó má baà fi ìdáhùn sí àlejò lẹ́nu, nítorí ẹnìkan ti wá ṣe bí ọmọ rẹ̀ rí. Ẹni náà jẹun yó, ó di aṣọ aró lọ.

Ẹni tó kìlọ̀ ni Láníyọnu, olórí ẹbí. Gbogbo oríkì ìlú ló wà lágbárí Baba yìí, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó fa aáṣà símú, ó tún fìlà ṣe.

"Ọmọ, màá kì orílẹ̀ mẹ́rin. Èyí tó bá jẹ́ tiyín, dá mi dúró níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, òun gan-an sì ń gbádùn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jọ ohun tí Àyọ̀ká ti gbọ́ rí. Lọ́jà, lójú ọ̀nà, kò sí orílẹ̀ tí wọn kò kì sí i létí. Nígbà tí Baba dé ìkẹta, Àyọ̀ká dá a dúró.

"Èyí nìyẹn, Baba."

Láníyọnu rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kẹ̀? Ti àwọn tó kó ọmọ wa lọ nìyẹn."

Òótọ́ ni. Oríkì yẹn ni wọ́n fi ń jí olówó Àyọ̀ká láràárọ̀ nígbà tó ń ṣẹrú lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ àná ti gorí ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Baba ní kí wọ́n fún àlejò lómi, kó máa lọ. Efúntọ́lá dorí kodò. Àwọn alájàpá ń pè lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká gbé ẹrù karí. Ìgbà náà ni ẹnìkan ṣí ìkòkò aró lẹ́yìnkùlé, afẹ́fẹ́ sì fẹ́.

Àyọ̀ká ti kọjá ìkòkò aró púpọ̀ kó tó débẹ̀, ó fi aṣọ bo imú kọjá wọn ni. Ṣùgbọ́n agboolé yìí nìkan ló ń ju ewé efinrin sínú aró, nítorí ìyálé kan láyé ọjọ́un tó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò yẹ kó máa rùn. Aró kò gbọ́ ti ìyálé, ó ń rùn lọ. Ó kàn wá ń rùn lọ́nà tirẹ̀ ni.

Ẹrù bọ́ lórí Àyọ̀ká.

"Kí ló dé?"

"Òórùn yìí, Baba."

"Òórùn wo?" Aáṣà ti di imú Baba láti ìgbà èwe. "Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n ni."

Kò dúró gbàṣẹ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó yà sẹ́yìnkùlé, ó wọ kọ̀rọ̀ tó wà láàárín ògiri àti ìkòkò tó tóbi jù, ó sì lóṣòó síbẹ̀, orúnkún kan àgbọ̀n, odindi obìnrin níbi tí kò gbà ju ọmọdé lọ.

Efúntọ́lá ti sáré tẹ̀lé e. "Ibẹ̀ ni mo máa ń fi í sí tí mo bá ń rẹ aṣọ," ló wí. Ó yíjú sí Láníyọnu. "Ilé ló mọ̀, Baba. Orúkọ ni kò mọ̀. Ṣé orúkọ ni mo bí ni?"

Nírọ̀lẹ́, tí àwọn alájàpá ti lọ tipẹ́ láìsí Àyọ̀ká, Láníyọnu pe ẹbí jọ, ó tún fìlà ṣe. "Bí mo ṣe máa ń wí," ló ní, "imú mọ ilé, kò mọ orúkọ onílé." Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Síbẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀mí Baba gùn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá mọ nǹkan dájú tí kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́, tí àwọn ẹlẹ́nu ṣáṣá sì fẹ́ lé e dànù, àwọn àgbà a ní ká mú sùúrù fún un: imú mọ ilé, kò mọ orúkọ onílé. Wọ́n tún máa ń pa á sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ tí kò gbóòórùn nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ pa òwe náà.