Ọba Tó Wà Nínú Ahoro Ìmọ̀rè

Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Adégbùlúgbẹ̀ ló ní kí Abọ́sẹ̀dé amọ̀nà mú òun nìkan rìn yí ahoro Ìmọ̀rè àti àwọn ìlú etí òkun ká. Nígbà tí wọ́n dé ààfin tó ti di àlàpà, ó ní, "Ọba tó kọ́ ibí gan-an ni mo fẹ́ rí. Bí o ò bá fi hàn mí, o ò ní mú àlejò wá síbí mọ́." Abọ́sẹ̀dé mọ̀ pé ó lè ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kò burú, sà. Ẹni tó bá fẹ́ rí Kábíyèsí á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbójú sókè títí ọba yóò fi ní kó dìde." Ọ̀gágun dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Oòrùn ń ta á lẹ́yìn, èèrà ń gun ọrùn rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó kùn pé, "Ìgbà wo ni yóò sọ̀rọ̀?" Abọ́sẹ̀dé rọra dáhùn pé, "Ta ni yóò bi í, sà? Bó bá ṣeé bi ni, a ò ní máa pè é ní Kábíyèsí." Ẹ̀rín pa Ọ̀gágun níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ n dìde." Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, wọ́n sì forí lé etí òkun. Ibẹ̀ ló ti ra ẹja yíyan fún Abọ́sẹ̀dé, tó sì ní òun á mú àwọn ọ̀rẹ́ òun tó gbéraga jù lọ wá kí ọba náà.