Ṣòkòtò Tí Aránṣọ Tú

Aránṣọ kan wà ní ìlú kan ní ilẹ̀ Èkìtì, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, tó sanra gan-an. Bàbá Adéyọjú ni wọ́n ń pè é nílé, Aránṣọ ni gbogbo ìlú ń pè é. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń wà, ọwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rá ń gorí ọ̀rá, títí ó fi di pé bó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé òkè.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e gorí ìwọ̀n, ó rí kílò méjìdínlọ́gọ́fà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn sọ fún un pé bí kò bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọgọ́rùn-ún kílò, rọpárọsẹ̀ lè dá a dùbúlẹ̀ kó tó pé ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ní ìlú náà, wọ́n máa ń sá eré ìje ọlọ́nà jíjìn lọ́dọọdún, láti iwájú gbọ̀ngàn ìlú dé ìlú kejì, kí wọ́n sì tún sá a padà, kìlómítà mọ́kànlélógún. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kó àwọn tó fẹ́ sáré jọ sí pápá iléèwé ní àárọ̀ kùtù, kí ó lè kọ́ wọn. Aránṣọ lọ bá a nígbà tó ku oṣù mẹ́fà.

“Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀, Tíṣà,” ó ní. “Kí n tó sáré yìí tán, ọ̀rá ara mi á ti yọ́.”

Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀. “Mo lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sáré,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ kò sí níkàáwọ́ mi.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ọkùnrin yìí sáré ní tòótọ́. Kò sí ọjọ́ tó pa pápá jẹ. Itan rẹ̀ méjèèjì ń ha ara wọn títí wọ́n fi bó, ó fi àdí pa wọ́n, ó sì tún jáde lọ́jọ́ kejì. Orúnkún rẹ̀ wú. Òjò pa á. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko, tí wọ́n ru agbọ̀n, máa ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n á kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò sì ní ní èémí tó lè fi dáhùn. Àárọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé etí bẹ́ẹ̀dì ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wo bàtà rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀tá. Síbẹ̀ yóò wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó gun ìwọ̀n irin tó wà nílé Tíṣà. Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni. Kílò kan péré ló lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó tún gùn ún. Kò yàtọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ebi tó ń pa á lẹ́yìn eré kì í ṣe irú ebi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nílé, ìyàwó rẹ̀ á ti se ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ dè é, bí dókítà ṣe wí. Ṣùgbọ́n kó tó délé, á ti yà síbi tí wọ́n ti ń dín àkàrà, á ti fi mẹ́jọ sínú búrẹ́dì gbígbóná, á sì ti jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Lọ́sàn-án, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé oníyán. “Mo ṣáà ti sáré,” ló máa ń sọ fún ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá sá kúrò lára lówùúrọ̀, ó ti jẹ ẹ́ padà kí oòrùn tó yẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó gun ìwọ̀n yẹn, ìyàwó rẹ̀ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ó ti lọ sílẹ̀?”

Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ohun tó lè fẹnu sọ. Kò lè fara da kí ojú obìnrin yẹn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. “Kílò mẹ́fà ti lọ,” ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó dìde, ó ní, “Bàbá Adéyọjú, a ò gbọdọ̀ dẹwọ́ o. Láti òní lọ, ìwọ̀nba tí ẹ̀ ń jẹ ni èmi náà á máa jẹ, kó má baà ṣe yín bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀.”

Bí irọ́ náà ṣe di aláṣọ nìyẹn. Ẹni tó ní kílò mẹ́fà ti lọ gbọ́dọ̀ jọ ẹni tí kílò mẹ́fà lọ lára rẹ̀. Aránṣọ mọ ohun tó lè ṣe sí i. Ó tú ìbàdí àti ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mẹ́ta, ó fi aṣọ ìnṣì méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rán wọn padà débi pé ojú kò lè rí ojú-rírán náà. Ó fi bẹ́líìtì fún un mọ́ra, aṣọ sì wú jọ sí i níwájú.

“Ẹ wo Aránṣọ!” làwọn ará ìlú ń wí. “Ṣòkòtò fẹ́ bọ́ lára rẹ̀!”

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún tú wọn. Ó ní kílò mẹ́sàn-án ti lọ, lẹ́yìn náà ó ní méjìlá. Kò sún mọ́ ìwọ̀n Tíṣà mọ́. Ó ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń wọn òun. Iṣẹ́ rẹ̀ wá di méjì, eré lówùúrọ̀, irọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Èyí kejì ló ń rẹ̀ ẹ́ jù.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n sáré, ìyàwó rẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Ó kó bùbá mẹ́ta àti kaba kan dání.

“Ẹ bá mi mú wọn wọlé díẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ti fẹ̀ jù fún mi.”

Aránṣọ mú tépù, ó yí i mọ́ ọn láyà, ó yí i mọ́ ọn ní ìbàdí. Ó wò ó, ó tún un yí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń ránṣọ fún obìnrin yìí, kò nílò ìwé kó tó mọ bó ṣe tó. Ìnṣì mẹ́rin ti lọ ní ìbàdí. Nígbà tó gbé ọwọ́ lé e léjìká, egungun ló bá.

“Ṣé ara rẹ yá báyìí?” ló bi í.

“Ara mi yá. Ebi ni.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó máa ń pa mí gan-an bílẹ̀ bá ń mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ẹ̀yin, tó jẹ́ pé ẹ tún ń sáré lé e, mo máa ń mú un mọ́ra.”

Iyán tí Aránṣọ jẹ kò tíì pé wákàtí kan nínú rẹ̀. Ó jókòó. Tépù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ṣòkòtò náà lórí ìkọ́, ó yí inú rẹ̀ síta, ó tẹ́ ẹ síwájú obìnrin náà.

“Èmi ni mo tú u,” ó ní. “Mi ò fọn. Kílò méjì péré ló lọ. Mò ń jẹun níta.”

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka tọ ojú-rírán náà láti òkè délẹ̀. “Láti ìgbà wo?”

“Láti oṣù kejì.”

Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú báàgì. “Ebi ló ń pa mí,” ó tún wí, bí ẹni pé ìgbà yẹn lòun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Aránṣọ délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí àwo ńlá kan, iṣu àti ẹyin díndín ló wà nínú rẹ̀, ó ń jẹun. Kò bù fún un, kò sì lé e. Aránṣọ jókòó, ó ń wò ó títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Nínú gbogbo ọ̀nà tó ti ń sá láti oṣù márùn-ún, kò sí èyí tó gùn tó ìjókòó yẹn.

Ó sáré náà. Kí wọ́n tó gbéra, àwọn ènìyàn tún ń yìn ín. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, “Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ni mo ṣì wọ̀n. Irọ́ ni mo pa fún yín.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wo ibòmíràn. Ní kìlómítà kẹrìnlá, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tí kò lè lọ mọ́ ló gbé e padà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé omi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fún un mu.

Láti ìgbà náà, ilé ló ti ń jẹun. Bí ó bá sì yà síbi àkàrà, á sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ kó tó jókòó nílé. Lẹ́yìn ọdún kan, kílò mẹ́sàn-án ló lọ. Kò tíì dé ibi tí dókítà ń fẹ́, ó sì ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ń jẹun yó.

Arákùnrin mi, o wọlé tọ̀ mí wá ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, o ní ó ti rẹ̀ ọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo mọ̀ pé ò ń bá ọtí náà jà, mi ò sì ní pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, o dìde láàárín ìjọ, o jẹ́rìí pé o ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Mò ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ bí o ṣe jókòó yìí. Pé o tún mu kọ́ ni mo fẹ́ torí rẹ̀ bá ọ wí. Ẹ̀rí yẹn ni. Nígbà tí o bá ṣe bí ẹni tó ti yí padà, ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù ni yóò kọ́kọ́ gbà ọ́ gbọ́, òun náà ni yóò sì máa jìyà lé e lórí láìmọ̀.

Ìyàwó rẹ wà lórí bẹ́ńṣì níta. Ó sọ fún mi pé òun ń gbààwẹ̀ ìdúpẹ́ nítorí rẹ, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Jáde lọ bá a. Má ṣe ìlérí kankan fún un lónìí. Ṣáà sọ iye ìgò tí o mu lánàá fún un.