Jagùn Ìdógàn àti Òfin Làpálàpá

Ní ìlú Ìdógàn, láyé ìgbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọyátógùn. Òun ni Jagùn ìlú náà. Ogun ti tán nílẹ̀ nígbà tó joyè, nítorí náà ìgbìmọ̀ Baálẹ̀ fi ìtọ́jú ọjà, ojú pópó àti odò ìlú sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí àtíbàbà bá wó lọ́jà, Jagùn ni wọn yóò ké sí. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá já wọ oko olóko, Jagùn náà ni. Ìgbìmọ̀ Ìdógàn lè fi odidi òwúrọ̀ jiyàn lórí òbúkọ tó jẹ iṣu ẹni ẹlẹ́ni, ṣùgbọ́n bí Jagùn bá ti dìde sọ̀rọ̀, ẹjọ́ parí nìyẹn. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì mọ ènìyàn í bá wí.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ara òun kò dá mọ́. Àmì funfun kan ló kọ́kọ́ yọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó pè é ní èélá, kò kà á sí. Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lọ́jọ́ kan, ó mú iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀ kalẹ̀, ó ń bu ú jẹ, àfi ìgbà tó rí i tí èéfín ń yọ láàárín ìka rẹ̀ ló tó mọ̀ pé iṣu náà gbóná. Ẹ̀rù bà á, ó sì gbé oúnjẹ náà tì. Ó mọ orúkọ àìsàn náà dáadáa. Àrùn ńlá ni àwọn ènìyàn máa ń pè é, torí wọn kì í fẹ́ kí ẹnu wọn kan orúkọ rẹ̀ gan-an.

Òfin Ìdógàn kò ṣojúsàájú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí àrùn ńlá bá mú, ẹ̀yìn odi ni yóò máa gbé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí wọ́n bá mọ̀, oyè lọ, ilé lọ, Àrìnpé náà lọ. Àrìnpé ni ọmọbìnrin tí Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀ kékeré, bí fún un nígbà tí ewú ti gba orí rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, inú àwo kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Nítorí rẹ̀ ni Jagùn ṣe ki ọwọ́ òsì bọ inú apá agbádá, tí kò jẹ́ kó jáde níta mọ́.

Kì í ṣe pé ìgbìmọ̀ kò lójú. Baálẹ̀ rí i pé Jagùn kì í fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan mọ́. Àwọn ìjòyè yòókù náà rí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú Jagùn kó ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè? Oníkálukú wò ó, wọ́n sì gbójú kúrò.

Ọdún yẹn ni làpálàpá bo orí àwọn ọmọ Ìdógàn. Làpálàpá kì í ṣe àlejò nílùú, ọmọ wo ni kò ṣe é rí? Síbẹ̀, Jagùn rí ihò tí òun lè sá sí. Bí gbogbo ìlú bá ń wo orí ọmọdé, ta ni yóò ráyè wo ọwọ́ àgbàlagbà? Ó dìde nínú ìgbìmọ̀.

Ó ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ìdọ̀tí ń ba ìlú yìí jẹ́ lójú wa. Ọmọ tí làpálàpá bá wà lórí rẹ̀, kó má wọ ọjà mọ́. Kí ìyá rẹ̀ náà má pàtẹ, títí ara ọmọ yóò fi mọ́."

Ìgbìmọ̀ gbà á tayọ̀tayọ̀. Òfin tó rọrùn ni. Làpálàpá kò joyè, kò sì ní ẹbí tó lè bínú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn nílé Baálẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, wọ́n ń ṣí fìlà lórí ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń fi tipátipá fá irun. Opó kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀pọ̀ọlá, èkọ ló ń tà. Wọ́n bá làpálàpá lórí ọmọ rẹ̀, Jagùn fúnra rẹ̀ sì ta ààrò rẹ̀ nípàá lójú ọjà títí ó fi wó. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ pé ìlú ti ń mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àwẹ̀ró pe ọkọ rẹ̀ wọ yàrá.

"Bàbá Àrìnpé, ẹ wá wo ẹ̀yìn ọmọ yìí."

Jagùn wò ó. Àmì funfun kan wà lẹ́bàá èjìká ọmọ náà, kò ju ojú owó ẹyọ lọ.

"Làpálàpá ni," ó wí. "Má jẹ́ kó jáde síta. Gún ewé àsùnwọ̀n, kí o máa fi pa á."

"Làpálàpá a máa yún ni. Èyí ò yún un. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn án, kò mọ̀." Àwẹ̀ró fa aṣọ bo ẹ̀yìn ọmọ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn tó wà ní Òkè-Àgbò. Wọ́n ní bó bá ṣì kéré báyìí, apá bàbá náà ń ká a."

"Kí wọ́n wá bi wá níbi tó ti kó o, àbí? Mo ní làpálàpá ni!"

Àwẹ̀ró wo apá agbádá ọkọ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Láàárọ̀ láàárọ̀ ló ń gún ewé àsùnwọ̀n, tí omijé ń bọ́ sínú odó, tó ń fi oògùn làpálàpá pa ohun tí kì í ṣe làpálàpá. Bí Jagùn bá ti gbọ́ dídún odó náà, a gba ọjà lọ, a lọ máa lé ọmọ ẹlòmíràn kiri. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù ń gorí oṣù.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìgbìmọ̀ ń jókòó yí àdògán kan ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀, ẹyin iná sì kún inú rẹ̀ kí àwọn àgbà lè máa yáná. Lọ́jọ́ kan báyìí, Ìyá Ọ̀pọ̀ọlá wá, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn. Ó ti rù kan eegun.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣàánú mi. Bí n kò bá ta èkọ, kí ni n ó fún ọmọ jẹ? Ebi ń pa wá kú lọ. Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́jà."

Inú bí Jagùn, ó dìde fùú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ obìnrin náà lórí láti bá a wí, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì yọ jáde nínú apá agbádá láìròtẹ́lẹ̀, ó gbé e lé orí àdògán láti fi dúró.

"Irú yín ló ń ba ìlú jẹ́! Ìdọ̀tí lójúde, ìdọ̀tí nílé, ọmọ yín a wá máa kó o ran ọmọ ọlọ́mọ!"

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Baálẹ̀ gbé imú sókè. Jagùn náà gbọ́ òórùn náà, ó bojú wẹ̀yìn pẹ̀lú ìbínú.

"Ta ló ń sun ẹran níbẹ̀ yẹn? À ń ṣe ìpàdé ìlú, ẹ ń sun ẹran!"

Ìyá Ọ̀pọ̀ọlá tó kúnlẹ̀ ni ojú rẹ̀ bá àdògán dọ́gba. Ó figbe ta, ó fò dìde, ó sì fa ọwọ́ náà kúrò lórí iná.

"Yéè! Bàbá Jagùn, ọwọ́ yín ni! Ọwọ́ yín mà ló ń jó!"

Jagùn wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé sílẹ̀. Ó rántí pé ó yẹ kí òun ké. Ó ké, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ìgbìmọ̀ ti rí i. Àwọn tó jókòó tì í bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹní wọn sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti tó ìgbà wo, Jagùn?" Baálẹ̀ béèrè. Jagùn ki ọwọ́ náà bọ inú apá agbádá padà. Baálẹ̀ náà kò sì bi ara rẹ̀ pé ó ti tó ìgbà wo tí òun ti ń rí i.

Wọ́n yẹ ilé Jagùn wò. Àrùn náà ti wà lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró, ó sì wà lára méjì nínú àwọn ọmọ ìyálé. Ti Àrìnpé ló burú jù, ó ti gun ojú, ìka rẹ̀ méjì sì ti ń ká kò. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá oníṣègùn Òkè-Àgbò. Ó yẹ ẹ̀yìn ọmọ náà wò, ó gbọ́ òórùn ewé tó wà níbẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ máa fi àsùnwọ̀n pa èyí?"

Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀. Bàbá náà mi orí. "Ká ní ẹ gbé e wá nígbà tó wà lójú kan ni, n bá rí nǹkan ṣe sí i."

"Nísinsìnyí ńkọ́, bàbá?" Jagùn béèrè, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá náà di àpò rẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́ náà ni Jagùn àti àwọn ará ilé rẹ̀ tí àrùn náà mú lọ sí ẹ̀yìn odi. Àwọn ará ìlú dúró lókèèrè, wọ́n ń sunkún, ọ̀pọ̀ wọn nítorí ọmọ náà. Bí wọ́n ti dé ẹnu ibodè, Àrìnpé fa aṣọ bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé làpálàpá mi ò tíì san ni?"

Ọyátógùn, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ní Ìdógàn, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.