Ìyá Fọláwẹ̀ ní Kíláàsì Faransé

Ní Òkè-Òṣè, ìlú kékeré kan tó wà nítòsí ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá. Èdè Faransé ni wọ́n gbà á láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í na ọmọ. Ó ya àwòrán adìyẹ, ìkòkò, ilé àti igi sára ògiri, ó wá kọ orúkọ wọn ní Faransé sábẹ́ wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn sì dára. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí ẹnì kan dìde kó sọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu, gbogbo wọn á dákẹ́, wọn á máa wo ilẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ náà nídìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún dìde láti kí i káàárọ̀ ní Faransé. Ahọ́n rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, dípò "bonjour", "bọ̀nbọ́ṣù" ló jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bọ̀nbọ́ṣù ti di orúkọ rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tó fẹ́ la ẹnu. Dásọlá, tó máa ń gba ipò kìíní nínú ìdánwò Faransé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu òun rí.

Ní ìlú kan náà ni ìyá àgbàlagbà kan wà, ẹní ló máa ń hun tà, Ìyá Fọláwẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Fọláwẹ̀ nìkan ni ọmọ tó bí. Ọkọ tí Fọláwẹ̀ fẹ́ jẹ́ ará Nàtìtíngú, lápá òkè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni Fọláwẹ̀ bá a lọ, ibẹ̀ ló sì kú sí nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀, Sílífì, ṣì wà lọ́mú. Ìyá Fọláwẹ̀ kò fojú kan ọmọ-ọmọ yìí rí. Lọ́jọ́ kan, bàbá ọmọ náà pè é lórí fóònù.

"Màmá, mo máa mú Sílífì wá kí yín tí wọ́n bá gba họlidé nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí," ó wí fún un. "Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá o. Faransé àti èdè tiwa nìkan ló gbọ́."

Ìyá Fọláwẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó kọrí sí ilé ẹ̀kọ́.

"Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. "Mo fẹ́ wá kọ́ Faransé."

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa wá kọ́ yín nílé ni?"

"Rárá. Níbi tí àwọn ọmọdé bá wà ni kí ẹ fi mí sí. Ọmọdé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Olùkọ́ lọ sọ fún ọ̀gá àgbà, ọ̀gá sì ní bí ìyá kò bá ti dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà ṣe ń wá, tí ó ń gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí ó sì ń pe ohun gbogbo tí olùkọ́ bá pè. Kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ fi kó o sí wàhálà. Olùkọ́ ní kó sọ ohun kan tó ní nílé. Ìyá dìde, ó fẹ́ sọ pé òun ní adìyẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ohun tó sọ ni pé òun jẹ́ adìyẹ.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kí wọ́n dákẹ́, ó sì ṣàlàyé àṣìṣe náà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àṣé mo ti di adìyẹ," Ìyá Fọláwẹ̀ wí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá tún un sọ, ó sì gbà á. Àwọn ọmọ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà, kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò pa kíláàsì jẹ. Síbẹ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ti ìyá yàtọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ àgbàlagbà lórúkọ ẹ̀sín.

Sátidé kan, nígbà tí àkókò òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ẹrù ńlá kan dúró níwájú ilé Ìyá Fọláwẹ̀. Bàbá Sílífì ló wà á wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó di ìjókòó mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú Fọláwẹ̀ gan-an ni, àfi bí ẹni fi ìyá tẹ ọmọ. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́.

"Màmá, ó ní òun ò lè sùn nílé ẹni tí kò gbọ́ ohun tí òun ń wí," ni bàbá rẹ̀ sọ. "Mo ní láti gbé ẹrù yìí dé Èkó. Bó bá kọ̀, mo máa mú un lọ ni, kí n sì dá a padà sílé. N kò mọ ìgbà tí a tún lè wá."

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá ti rìnrìn-àjò. Ìyá Fọláwẹ̀ ránṣẹ́ pe Dásọlá, nítorí òun ló mọ̀ jù nínú kíláàsì. Dásọlá dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó súnmọ́ ọkọ̀. Ó la ẹnu. Ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti pé jọ láti wòran, ó bá pa ẹnu dé.

"Mo ti gbàgbé, Màmá," ó wí, ó sì bojú wolẹ̀.

Ìyá Fọláwẹ̀ fúnra rẹ̀ wá súnmọ́ ọkọ̀. Ó tú gèlè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé irun òun ti funfun, òun kò lè gun ọkọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun. Ṣùgbọ́n irun àti ẹṣin fẹ́ jọra lẹ́nu àwọn Faransé: cheveux ni irun, chevaux sì ni ẹṣin. Ohun tí ìyá sọ ni pé, "Àwọn ẹṣin mi funfun. Èmi kò gùn. Ìwọ, wá."

Sílífì dákẹ́ ẹkún. Ó na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn ìyá náà.

"Níbo làwọn ẹṣin náà wà?" ó béèrè ní Faransé.

Ìyá fọwọ́ kan orí. "Wọ́n nìyí."

Ẹ̀rín gba ọmọ náà lẹ́nu. "Ìyẹn kì í ṣe ẹṣin, irun ni!" Ó pe irun fún un. Ìyá pè é tẹ̀lé e, ẹṣin ló tún jáde. Sílífì mirí, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó di irun ìyá ìyá rẹ̀ mú, ó wá ń pè é fún un bí olùkọ́. Ìyá tẹ̀ríba níbẹ̀, ó ń pè é, omi ń dà lójú rẹ̀.

Dásọlá kò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra mọ́. "Màmá ní ẹṣin òun ti hewú," ó sọ fún àwọn tó kù, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí Sílífì, ó kí i káàbọ̀ ní Faransé. Òun náà ṣì í sọ, Sílífì rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe fún un. Ni Rẹ̀mílẹ́kún bá ta sí i, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ariwo ò jẹ́ ká mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá Sílífì gbé àpò ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá ọ̀nà Èkó lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọwọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá rí lókè káàkiri kíláàsì. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Fọláwẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí òun kò sí nílé.

"Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, olùkọ́," ìyá dá a lóhùn, "ọmọ mi sì sọ̀ kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ ní Òkè-Òṣè. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ìlú náà ti rí i pa lówe pé: ẹni tí yóò gbọ́ èdè elédè kì í sá fún ẹ̀rín.