Mojírádé àti Ìkànnì Ọ̀gá Láníhùn
Ó ṣojú gbogbo àwa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Láníhùn ní Ìkìrun. Mojírádé, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta nídìí HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì orí ayélujára, ní òun ti mọ ìkànnì kọ, ni ọ̀gá bá gbaná jẹ: “Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi kọ tèmi! Kọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ láàárín wákàtí kan, kí n fún ọ ní fírídọ́ọ̀mù lónìí. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wàá fi ọdún méjì kún ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ.” Mojírádé ní, “Ṣé mo lè máa wo tiyín, sà?” Ọ̀gá ní, “Wò ó títí ojú ẹ á fi fọ́!” Ló bá ṣí ìkànnì ọ̀gá, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń fi kóòdù inú rẹ̀ hàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ HTML tó fara sin lẹ́yìn ohun tí ojú ń rí, ó sì kà á sókè létí gbogbo wa: “Ẹ káàbọ̀ sí Ilé Ìtọ́jú Eyín Ẹ̀rínadé.” Àṣé ṣe lọ̀gá jí ti dókítà eyín kan kọ, tó gbàgbé láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. “Sà, ẹ ní irú tiyín gẹ́lẹ́. Ṣé kí n fi eyín sínú tèmi náà ni?” Ọ̀gá wá bírò, ó fọwọ́ sí ìwé fírídọ́ọ̀mù. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Mojírádé ti kọ ìkànnì tirẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀: “Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi kọ ọ́.”