Èémí Ọkọ̀ Ìdí-Ọṣẹ̀

Ní abúlé Ìdí-Ọṣẹ̀, tó wà nínú àfonífojì, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé aboyún àti aláìsàn gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nílùú Òkè-Àrò. Lásísì ló ni ín, òun náà ló sì ń wà á. Bọ́ọ̀sì kékeré ni, ó ti gbó díẹ̀. Ikú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ṣàlámọ́tù, ló mú un ra ọkọ̀ náà. Orí òkè yìí ni Ṣàlámọ́tù kú sí nígbà tí wọ́n fi alùpùpù gbé e lọ bímọ.

Òkè náà ló ń da Lásísì láàmú. Bí bọ́ọ̀sì bá dé ìdajì rẹ̀, yóò máa mí hẹlẹ, àwọn èrò yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Sùnmọ́nù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹ́káníìkì ní Òkè-Àrò, gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n de tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Wọ́n ṣe é. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè bí ewúrẹ́ tó ń gun àpáta.

Ṣùgbọ́n Sùnmọ́nù kìlọ̀ fún un. Ó fi ihò kan hàn án lórí ẹ́ńjìnnì, ó ní, “Agbára tí a fi kún un yìí, èémí rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, bọ́ síbi tí ọ́ìlì wà. Ihò yìí ló ń gbà jáde. Mo fẹ́ ṣe agolo kan tí yóò máa gba ọ́ìlì tó bá bá a jáde. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, gbé e padà wá.”

Ọwọ́ Lásísì kò dilẹ̀. Èéfín ọ́ìlì ń tú jáde láti inú ihò náà, ó ń gba abẹ́ àga wọlé bá àwọn èrò. Àgbẹ̀ kan ní bí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Lásísì, ìyàwó òun máa ń béèrè bóyá ẹja lòun lọ yan. Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, Lásísì nìkan ni kò rín. Ẹni tí kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀sùn ni.

Nọ́ọ̀sì Wùràọlá, tó ń gbẹ̀bí ní abúlé, kò fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá Lásísì, èéfín yìí kò dára fún aboyún. Ẹni tó ń rọbí kò gbọdọ̀ máa fà á símú.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Lásísì. Nígbà tó délé, ó gbẹ́ igi ṣóńṣó kan, ó fi dí ihò náà, ó sì fi rọ́bà táyà wé e pinpin. Èéfín dá. Àwọn èrò yìn ín, nọ́ọ̀sì pàápàá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣe. Nígbà tó yá, ó rí i tí ọ́ìlì ń làágùn yí etí ẹ́ńjìnnì ká. Ó fi àkísà nù ún, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mórẹ́nikẹ́, aya ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbin iṣu, bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọmọ dábùú. Wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì jókòó tì í, Lásísì sì tẹ ọkọ̀ mọ́ òkè.

Wọ́n ti kọjá ìdajì òkè nígbà tí nǹkan dún pó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èéfín bo gíláàsì iwájú. Lásísì pa ẹ́ńjìnnì, ó ki òkúta sẹ́yìn táyà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gééjì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, ti fò yọ kúrò lójú ihò rẹ̀, ọ́ìlì sì ti tú sórí irin gbígbóná. Ó pe Sùnmọ́nù lórí fóònù.

Sùnmọ́nù béèrè pé, “Ihò tí mo fi hàn ọ́ ńkọ́?”

Lásísì ní, “Mo dí i.”

Sùnmọ́nù kò bú u. “Yọ ohun tí o fi dí i. Afẹ́fẹ́ kò ríbi gbà ló ṣe ti gééjì jáde. Dá gééjì padà, wo iye ọ́ìlì tó kù, kí o bu òmíràn kún un. Bí kò bá jò mọ́, máa rọra bọ̀. Mo ń bọ̀ wá pàdé yín.”

Lásísì fi pìláyà fa igi náà yọ. Ó nu ibi gbogbo, ó bu ọ́ìlì tó máa ń gbé sínú ọkọ̀ kún un, ó tún ọkọ̀ tàn. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ọ́ìlì kò sì jò mọ́, àmọ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, Mórẹ́nikẹ́ sì ń wúkọ́ láàárín ìrora. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó.

“Kí ló dé tí ẹ fi dí i tẹ́lẹ̀?”

“Nítorí èéfín tí ẹ sọ ni.”

“N kò ní kí ẹ dí i. Mo ní kó má kàn wá lára ni.” Ó wo ihò náà dáadáa. “Bí omi bá ń jáde lójú egbò iṣẹ́ abẹ, a kì í rán ojú egbò pa mọ́ omi náà. Rọ́bà là ń kì bọ̀ ọ́, a ó sì wá nǹkan tí yóò máa gbà á. Ṣé ẹ ò ní rọ́bà ni?”

Lásísì ní rọ́bà tó fi ń fọ ọkọ̀. Ó gé e, ó kì í bọ ojú ihò, ó sì fà á lọ sínú kéègì òfìfo tó so mọ́ iwájú ọkọ̀. Kò fi ìdérí dé ẹnu kéègì náà, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde. Inú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n rọra ń gòkè, Lásísì kò sì tẹ̀ ẹ́ lágbára. Sùnmọ́nù pàdé wọn lórí alùpùpù nítòsí òkè téńté, ó yọjú wo kéègì náà, ó mi orí pé ó dára, ó sì ṣáájú wọn lọ láti la ọ̀nà fún wọn nínú ìlú.

Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún Mórẹ́nikẹ́. Ó bí ọmọbìnrin kan tí igbe rẹ̀ dé ọ̀ọ́dẹ̀ níbi tí Lásísì dúró sí. Lásísì fi aṣọ tó kún fún ọ́ìlì nu ojú ara rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Kí Lásísì tó padà sílé, Sùnmọ́nù ṣe agolo onírin fún un, ó ki kàn-ìn-kàn-ìn onírin sínú rẹ̀ láti máa mú ọ́ìlì. Ó gbé e sókè ju ihò náà lọ, ó fa rọ́bà rẹ̀ gùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọ́ìlì má baà dúró lójú ọ̀nà, ó sì da afẹ́fẹ́ tó mọ́ padà sẹ́nu tọ́bò, kí ẹ́ńjìnnì jó o dànù. Èéfín kò wọlé mọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ Ìdí-Ọṣẹ̀ ń ráhùn nítorí omi ẹ̀rọ tí kò yọ mọ́. Baálẹ̀ fẹ́ ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ náà mọ́. Lásísì dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Baálẹ̀, èmi náà ti gbìyànjú irú èyí wò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì.” Ó rò fún wọn bí ó ti rí lórí òkè. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yan ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò máa wá sọ tẹnu wọn níwájú òun. Omi dé kí ọdún tó parí.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ ní Ìdí-Ọṣẹ̀, ohun tí àgbà yóò sọ fún un ni pé: a kì í torí èéfín dí ẹ́ńjìnnì nímú, ọ̀nà là ń là fún èémí.