Àpò Awọ Àna

Ọkùnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn tó yá àpò awọ lọ́wọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀. Ìrìn àjò ọjọ́ méjì ló fẹ́ fi rìn, bàbá náà sì yọ̀ọ̀da rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àpò àtàtà ni. Àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ló rán an, bàbá kì í sì í gbé e jáde àfi bí òde bá jẹ́ òde iyì.

Àmọ́ ọkùnrin yìí ki ìgò epo pupa bọ inú rẹ̀. Epo dà sí i lójú ọ̀nà, òjò tún wá pa á. Nígbà tó délé, ojú tì í láti dá a padà bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè àjà, ó ní òun yóò wá nǹkan ṣe sí i.

Ọdún méjì kọjá. Bàbá ìyàwó kò béèrè àpò, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò lè yọjú sí i mọ́. Bí wọ́n bá ń sìnkú nílé àna, ẹsẹ̀ á máa dùn ún. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, iṣẹ́ oko á pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Àtọ́kẹ́, òní ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi ń bọ̀ wá kí wa.”

Kíá ló gun àjà. Àpò ti le gbagidi, àbàwọ́n epo sì ti dúdú lára rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó tún wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fẹ́ fi tipá ká a, ni ìbòrí rẹ̀ bá sán. Ló bá gbé e tọ baba oníṣẹ́ awọ kan lọ.

Baba yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, “Oòrùn kọ́ ni oògùn rẹ̀. Lọ ra òrí. Láràárọ̀, bu ìwọ̀n kóró ẹ̀pà kan, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí awọ yóò fi mu ún. Ibòji ni kí o gbé e kọ́ sí.”

“Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, baba?”

“Àpò ni yóò sọ fún ọ.”

“Àbàwọ́n ńkọ́?”

“Yóò ṣá díẹ̀. Kò ní lọ tán.”

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, okùn àpò tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé kí àna tó dé, òun á ti parí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ṣì ku mẹ́rin nígbà tí bàbá ìyàwó rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá ilé wọn, ó sì wọ̀ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá ọkọ ọmọ rẹ̀, àpò lórí itan, òrí lọ́wọ́ méjèèjì. Kò síbi tí ọkùnrin náà yóò fi í pa mọ́ sí. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, àpò yín rèé. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Bàbá wo àpò, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

“Láti ọdún méjì ni mo ti ń ro ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́,” ó ní.

Ó fi ìka bu òrí, ó fa àpò mọ́ra. “Ẹ̀gbẹ́ ibí ṣì le. Di tọ̀hún mú.”

Àwọn méjèèjì jọ ń pa á títí oúnjẹ fi jinná. Láti ilé ìdáná ni ìyàwó ti ń gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá ń lọ, ó gbé àpò kọ́ èjìká tòun tàbàwọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ohun tó ṣe é, á ní òun àti àna òun ni àwọn jọ tún un ṣe.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o sọ fún mi pé o ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, pé o fẹ́ kọ́kọ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe ná. Ó dára kí o máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ̀ pé o wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé òun kò rí ọ mọ́. Má dúró dìgbà tí àbàwọ́n bá parẹ́. Lọ bá a lónìí, kí òrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.